Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ilé gàárì ń dànù: báwo la ṣe ń sọ ọ́ di oúnjẹ ẹran láìpa ẹran?

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹ́ran. Ewúrẹ́ 14, àgùntàn 6 àti ẹlẹ́dẹ̀ 5 ló wà nínú ọgbà. Ilé gàárì méjì wà nítòsí tí wọ́n ń da èèpo ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn ilé lójoojúmọ́, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kó o. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé tútù ni kí n máa kó o fún wọn ni, àbí kí n sá a? Èwo nínú àwọn ẹran yìí ló lè jẹ ẹ́, ìwọ̀n wo sì ni? Kí ló sì dé tí ewúrẹ́ kan á jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tí nǹkan kan ò ní ṣe é, tí òmíràn á jẹ ẹ́ tí á kú kílẹ̀ tó ṣú?

Alágàárì_Ìlaròó
Kò le, àbúrò. Ẹ tẹ́ ẹ sórí kọnkéré tàbí etí títì, oòrùn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti gbẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é káàkiri ọ̀dọ̀ wa. Ẹ rọ ọ́ sápò, ó parí.

Fíìdì_Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Sísá lásán lè ṣeé ṣe nígbà ọyẹ́, láàárín Ọ̀pẹ sí Èrèlé. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ti dé, ọjọ́ mẹ́ta yẹn á di márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, èèpo á sì ti bu kó tó gbẹ. Olú tó ń hù lára èyí tó bu ló ń pèsè aflatoxin. Májèlé yìí kì í bá oòrùn lọ, iná agbada pàápàá kì í pa á tán, ẹ̀dọ̀ ẹran ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ti etí títì tún wà níbẹ̀: yanrìn, epo ọkọ̀ àti ìgbẹ́ ajá ló ń bá èèpo wọ àpò. Yanrìn ń jẹ eyín ewúrẹ́, ó sì ń ṣe ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ní jàǹbá.

Àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn, ọ̀nà tó dára ni èyí tí àwọn iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, ILRI, IITA àti CIP, gbé jáde ní Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 2015. Ohun tó wù mí nínú rẹ̀ ni pé gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ ló ti wà nílé gàárì tẹ́lẹ̀: ẹ̀rọ ìlọ̀, jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ omi jáde, kọ̀nkọ̀sọ̀, agbada. Báyìí ni wọ́n ń ṣe é.

Ọjọ́ tí wọ́n bá bó èèpo náà gan-an ni kí ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣa ìdí tó le bí igi, ọ̀rá àti òkúta kúrò. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́ àfi tí ẹrẹ̀ bá pọ̀ lára rẹ̀, torí omi tí ẹ bá dà sí i, ẹ̀yin náà lẹ máa tún fún un jáde. Ẹ lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ti àkọ́kọ́ á gé e wẹ́wẹ́, èkejì á mú un kúnná díẹ̀, ẹ̀kẹta á jẹ́ kó rí bí ẹ̀gẹ́ gàárì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ. Èyí tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré kì í jẹ́ kí omi jáde dáadáa lábẹ́ jáàkì, torí inú èèpo tó ṣì wà lódindi ni omi náà sá pa mọ́ sí.

Ẹ rọ ọ́ sínú àpò híhun tí omi lè gbà jáde, ẹ tò wọ́n léra, ẹ ti jáàkì bọ̀ ọ́. Ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àpò á bẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un tẹ̀, títí omi fi dá. Lẹ́yìn náà ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ẹ wo ìṣirò yìí, òun ló fi bí jáàkì ṣe wúlò tó hàn. Èèpo tútù 1,000 kìlò ní omi tó tó 700 kìlò nínú, 300 kìlò yòókù ni oúnjẹ. Tí jáàkì bá ṣiṣẹ́ dáadáa, omi bíi 480 kìlò á ti jáde lóru yẹn. Ohun tó kù fún oòrùn láti gbé kò ju nǹkan bí 185 kìlò lọ kí ìyẹ̀fun náà tó gbẹ dé ibi tó ṣeé tọ́jú, tí omi inú rẹ̀ kò ju 10% lọ. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ mẹ́ta fi di wákàtí 6 sí 8. Ìdí nìyẹn náà tí tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù fi ń di nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ.

Lówùúrọ̀, ẹ fọ́ ìṣù náà, ẹ tún un gba inú ẹ̀rọ kó tú, kí ẹ sì fi kọ̀nkọ̀sọ̀ kù ú. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ kúnná, fáíbà rẹ̀, ìyẹn okùn inú rẹ̀, kéré, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ ló ni ín. Èyí tó kù sínú kọ̀nkọ̀sọ̀ rí wúruwùru, ti ewúrẹ́, àgùntàn àti màlúù nìyẹn. Ẹ tẹ́ wọn sórí tapólì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó má nípọn ju ìka ọwọ́ kan lọ, kí ẹ máa fi ọwọ́ yí i ní ìdajì wákàtí sí wákàtí kan.

Kí ẹ tó rọ ọ́ sápò, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ sínú ọ̀rá funfun, ẹ dè é pinpin, ẹ gbé e sóòrùn fún wákàtí kan. Tí ìrì bá sẹ̀ sí ara ọ̀rá nínú, kò tíì gbẹ. Èyí tó gbẹ dáadáa, tó wà lórí pákó tí kò kan ilẹ̀ tàbí ògiri, á dúró fún oṣù mẹ́rin ó kéré tán.

Alágàárì_Ìlaròó
Ó yé mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ta ló máa san owó díísù lílọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta? Èèpo le ju ẹ̀gẹ́ lọ, ó ń pa ehín ẹ̀rọ.

Fíìdì_Ìbàdàn
Òótọ́ ni pé ó ń pa ehín ẹ̀rọ, pàápàá tí òkúta bá wà nínú rẹ̀. Páànù tí wọ́n lu sára igi ẹ̀rọ ni kí ẹ máa wò. Tí etí ihò rẹ̀ kò bá mú mọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, torí páànù tó kú ń jẹ díísù ju lílọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá èrè wà nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ ro owó kíkó, lílọ̀, jáàkì àti òṣìṣẹ́ lórí tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù, kí ẹ wá fi wé iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù àgbàdo kan. Ẹ má fi kìlò tútù wé kìlò àgbàdo gbígbẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìrò òdì.

Fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ rárá, tó jẹ́ ewúrẹ́ àti àgùntàn nìkan ló ní, ó lè dé e mọ́lẹ̀ kó kan bí ògì. Ẹ fi àdá gé èèpo sí wẹ́wẹ́ bíi ìdajì ìka, ẹ tẹ́ ẹ síbòji tàbí oòrùn fún ààbọ̀ ọjọ́ kó rọ. Ẹ wá kì í sínú dúrọ́ọ̀mù tàbí àpò tí ẹ ti tẹ́ ọ̀rá nípọn sí. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ní ìpele ìpele kí atẹ́gùn má ṣẹ́ kù, kí ẹ dé e pinpin fún ọjọ́ 21 ó kéré tán. Tí ó bá dára, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti ògì kíkan. Ibi tó bá dúdú, tó ń yọ̀, tàbí tó hu irun funfun, ẹ bu ibẹ̀ sọnù, ẹ má dà á pọ̀. Tí ẹ bá ti ṣí i, ojoojúmọ́ ni kí ẹ máa bù ú, kí ẹ sì dé e padà kíákíá.

Dókítà_Ẹran_Òṣogbo
Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè kẹta, nítorí ẹ̀mí ẹran wà níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ ni linamarin. Linamarin fúnra rẹ̀ kì í ṣe sáyánáìdì, májèlé tó ń pa ẹran. Ẹ́ńsáìmù kan, linamarase, tó lè tú u palẹ̀, wà nínú èèpo kan náà, ṣùgbọ́n ògiri tín-ín-rín ló yà wọ́n. Ìgbà tí ògiri yẹn bá fọ́ ni àwọn méjèèjì á pàdé, tí sáyánáìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ibi tí ògiri náà ti wó ló ṣe pàtàkì. Tí ó bá jẹ́ nínú ẹ̀rọ ìlọ̀, sáyánáìdì á bá afẹ́fẹ́ lọ, torí láti nǹkan bí 26°C ló ti ń di atẹ́gùn, èyí tó kù á sì bá omi jáàkì jáde. Tí ó bá jẹ́ ẹnu ewúrẹ́ ló ti wó, inú àpòlúkù ló máa tú sí, ẹ̀jẹ̀ á gbé e, ẹran ò sì ní lè lo afẹ́fẹ́ tó ń mí sínú mọ́.

Ẹ ó rí i pé lílọ̀ àti fífi sílẹ̀ mọ́jú kì í ṣe nítorí kó lè tètè gbẹ nìkan. Òru yẹn ni ẹ́ńsáìmù fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń lọ̀ ọ́ tán, kí wọ́n sì gbé e sórí agbada gbígbóná lójú ẹsẹ̀ nítorí ìkánjú. Ìyẹn burú: ooru á pa ẹ́ńsáìmù kó tó parí iṣẹ́, linamarin á sì jókòó sínú oúnjẹ gbígbẹ tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèpo odindi tí oòrùn líle bá tètè gbẹ.

Ìdí tí ewúrẹ́ kan fi kú tí òmíràn ò kú: èyí tí ebi ti ń pa láti àná á gbé púpọ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ti jẹ koríko yó á kàn fẹnu bà á. Irú ẹ̀gẹ́ náà yàtọ̀; èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TMS 30572 kì í ṣe ẹgbẹ́ èèpo TME 419. Ẹ̀gẹ́ tí ọ̀dá mú lóko máa ń kó májèlé jọ ju èyí tó rí omi lọ. Ẹ má sì fi dídùn ẹ̀gẹ́ lẹ́nu wọn èèpo rẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn ń sè jẹ láìkorò, èèpo rẹ̀ ṣì máa ń ní májèlé ju inú rẹ̀ lọ fíìfíì.

Kétu_Bénẹ̀
Ẹ ṣeun, Dókítà. Báwo lèèyàn á ṣe dá a mọ̀ pé òun ló mú ẹran, kí sì ni kéèyàn ṣe kí dókítà tó dé?

Dókítà_Ẹran_Òṣogbo
Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí kan tàbí méjì tó jẹun tán, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, itọ́ á máa dà, á máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò: èrìgì àti ìpéǹpéjú nínú á pọ́n yòò, kò ní funfun. Inú lè wú. Tí ó bá ṣubú tí gìrì mú un, àkókò ti lọ.

Ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo èèpo kúrò níwájú àwọn yòókù. Ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ wà, ẹ má lé e sáré, kí ẹ pe dókítà ẹran kíákíá. Abẹ́rẹ́ sodium nitrite àti sodium thiosulphate sínú iṣan ni oògùn rẹ̀. Dókítà ló ń wọn ìwọ̀n rẹ̀, torí nitrite tó pọ̀ jù fúnra rẹ̀ ń pa ẹran. Epo pupa tí wọ́n ń rọ sí ẹran lẹ́nu kì í ká sáyánáìdì tó ti wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹran tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa mọ́, epo á gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, á sì tún dá àìsàn mìíràn sílẹ̀.

Ọ̀kan tí kì í ṣeé rí kíákíá tún wà. Ẹran tó ń jẹ sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń fi methionine inú ara rẹ̀, ọ̀kan lára ohun tó ń di purotéènì, bá a jà, ohun tó sì ń ti ibẹ̀ jáde kì í jẹ́ kí áyódìn wọlé síbi tó yẹ ní ọrùn. Ẹ ó rí ọmọ ewúrẹ́ tí wọ́n bí pẹ̀lú gẹ̀gẹ̀ tàbí tí wọ́n bí ní òkú. Iyọ̀ tó ní áyódìn, àti purotéènì tó pé nínú oúnjẹ, ni ẹ fi ń dènà ìyẹn. Ẹ tún dín èèpo kù fún abo tó lóyún.

Ìyá_Ẹlẹ́dẹ̀_Ìjẹ̀bú
Purotéènì tí Dókítà dárúkọ yẹn ni ibi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ti ń kú ikú ebi níwájú oúnjẹ. Èèpo ẹ̀gẹ́ ń fúnni ní agbára, kò fúnni ní ẹran ara. Purotéènì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 5% lọ, àgbàdo ní bíi 9%, ẹlẹ́dẹ̀ tó ń dàgbà sì ń fẹ́ bíi 16%. Ẹni tó bá fi èèpo nìkan bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ á rí ikùn ńlá, egungun ẹ̀yìn á yọ, irun á gùn.

Fún ẹlẹ́dẹ̀ tó ti kọjá kìlò 25, àpòpọ̀ 100 kìlò yìí dára: ìyẹ̀fun èèpo tó kúnná 30, PKC (ohun tó kù tí wọ́n bá ti fún àdí lára èkùrọ́) 20, èérí wíìtì tí ilé-iṣẹ́ fúláwà ń tà 20, kúlíkúlí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ 10, sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ 10, àgbàdo 6.4, egungun lílọ̀ 2.5, iyọ̀ 0.5, premix ẹlẹ́dẹ̀ (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà) 0.25, lysine (ohun mìíràn tó ń di purotéènì, bíi methionine) 0.25, methionine 0.1. Purotéènì rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 17%.

Ẹ má ṣe sọ gbogbo sóyà di kúlíkúlí nítorí owó, lysine inú kúlíkúlí kéré. Ẹ sì máa tẹ́ PKC sí àtẹ́lẹwọ́ kí ẹ tó rà á. Èyí tí èèpo èkùrọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ á máa gún yín lọ́wọ́, ó máa gún ìfun ẹran náà. Tí òórùn rẹ̀ bá ti kan bí àdí tó ti pẹ́, ẹ fi sílẹ̀.

Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kò gbọdọ̀ jẹ èyí rárá. Ìfun rẹ̀ kò tíì lè ṣe fáíbà.

Adìẹ_Ẹléyin
Ṣé adìẹ lè jẹ ẹ́? Àwọn kan ní ẹyin á funfun nínú.

Fíìdì_Ìbàdàn
Ó lè jẹ ẹ́, èyí tó kúnná nìkan, ẹyin inú á sì ṣá lóòótọ́. Àwọ̀ ìyeyè inú àgbàdo pupa ni pupa ẹyin ti ń wá, èèpo kò ní in. Ewé ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀ kúnná, 2 sí 3 kìlò nínú 100, ń dá àwọ̀ náà padà. Ṣùgbọ́n ẹ gé ewé náà wẹ́wẹ́, kí ẹ jẹ́ kó rọ kó tó gbẹ, torí sáyánáìdì wà nínú òun náà.

Ẹ má yọ àgbàdo kìlò kan kí ẹ fi èèpo kìlò kan dípò, ẹyin á wálẹ̀. Kìlò àgbàdo kan ní nǹkan bí 3,400 kálórì ńlá, ìyẹ̀fun èèpo tó kúnná ní bíi 2,900. Tí ẹ bá fẹ́ yọ àgbàdo 20 kìlò kúrò nínú 100 kìlò oúnjẹ ẹléyin, ẹ fi ìyẹ̀fun èèpo 16.5, sóyà 2 àti epo pupa 1.5 dípò rẹ̀. Àlàfo agbára tó kù kò tó 40 kálórì ńlá nínú kìlò oúnjẹ kan, adìẹ á fi jíjẹ díẹ̀ sí i dí i. Ẹ fi methionine 50 sí 100 gíráàmù kún ti tẹ́lẹ̀. Epo pupa yẹn ṣe iṣẹ́ mìíràn: ìyẹ̀fun èèpo máa ń ta eruku, eruku sì ń dí imú adìẹ, á máa sín, á sì máa fi oúnjẹ ṣòfò sínú omi. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kí ẹ fi yí i padà díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fún òròmọdìẹ.

Kétu_Bénẹ̀
Lọ́dọ̀ wa, ní agbègbè Kétu títí dé Pobẹ̀, òjò ò gbà fún oòrùn fún oṣù pípẹ́, agbada ni à ń lò. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀: ìṣù jáàkì tí wọ́n ti fọ́, tí wọ́n ti kù, ni kí ẹ gbé kaná, kì í ṣe èyí tó tutù rìn-ìn. Iná kí ó mọ níwọ̀n, ẹ má fi epo sí agbada, kí ẹ máa rò ó láìdúró bíi ti gàárì. Ẹ dá a dúró nígbà tó bá ń dún ṣàkàṣàkà lórí agbada ṣùgbọ́n tí àwọ̀ rẹ̀ kò tíì yí. Èyí tó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú ti jóná, ẹran kì í fẹ́ ẹ, agbára inú rẹ̀ náà ti lọ. Ẹ tẹ́ ẹ kó tutù pátápátá kí ẹ tó rọ ọ́ sápò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ooru rẹ̀ á di omi nínú àpò, á sì bu láti àárín.

Ẹ tún ronú nípa omi jáàkì. Kò sí ẹni tó mẹ́nu bà á. Omi yẹn ń pa koríko, ń pa ẹja inú odò kékeré, ewúrẹ́ tó bá mu ún lè kú. Fíìdì Ìbàdàn ní 480 kìlò ń jáde nínú tọ́ọ̀nù kan. Kòtò tó jẹ́ mítà kan ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní jíjìn gba nǹkan bíi 1,000 lítà, ìyẹn omi tọ́ọ̀nù méjì. Ẹ gbẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa fà nígbà tí èkejì ń gbà, ní ìsàlẹ̀ oko, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30 ó kéré tán, kí ẹ sì fi ọgbà yí i ká.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, màmá náà ẹ ṣeun. Ti ẹlẹ́dẹ̀ ti yé mi. Ti ewúrẹ́ àti àgùntàn ló kù. Ṣé àpòpọ̀ kan náà lè tó àwọn méjèèjì?

Dókítà_Ẹran_Òṣogbo
Rárá o. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Kọ́pà (bàbà) inú PKC pọ̀, ẹ̀dọ̀ àgùntàn sì máa ń kó kọ́pà jọ láìlè tú u jáde bíi ti ẹran yòókù. Ó lè máa jẹun fún oṣù púpọ̀ kó dà bíi pé ara rẹ̀ le, lọ́jọ́ kan ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí omi ìsápá, ojú rẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti ẹni tí ibà jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ mú, kò ní pẹ́ kú. Fún ìdí kan náà, premix ẹlẹ́dẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu àgùntàn láéláé.

Fún ewúrẹ́, 100 kìlò: èèpo wúruwùru 50, PKC 25, èérí wíìtì 15, kúlíkúlí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ 7, egungun lílọ̀ 2, iyọ̀ oní-áyódìn 1. Purotéènì rẹ̀ á tó 12% tàbí kó kù díẹ̀. Fún àgùntàn, ẹ sọ PKC di 10, èérí wíìtì di 30, kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà.

Ewúrẹ́ tó wọn kìlò 20 ń jẹ nǹkan bí 700 gíráàmù oúnjẹ gbígbẹ lójúmọ́. Àpòpọ̀ yìí kò gbọdọ̀ ju 300 gíráàmù nínú rẹ̀ lọ, koríko àti ewé ni ìyókù. Ewé àgúnmániyè dára gan-an tí ẹ bá gé e lálẹ́, kó rọ, kí ẹ tó gbé e fún wọn lówùúrọ̀. Fún ewúrẹ́ 14, kìlò 4.2 lójúmọ́ nìyẹn, 100 kìlò á tó nǹkan bí ọjọ́ 24.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 50 gíráàmù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa fi kún un títí di ọ̀sẹ̀ kejì. Sítáàṣì tó wọ àpòlúkù lójijì á kan nínú rẹ̀, ẹran á gbuuru, á dẹ́kun jíjẹ, ó lè kú. Ẹ fún wọn ní koríko kí ẹ tó gbé èyí sílẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ọpọ́n gùn tó kí gbogbo wọn lè jẹ lẹ́ẹ̀kan, kí àwọn tó lágbára má gba ti àwọn kékeré mọ́ tiwọn.

Olóko_Kòkó_Oǹdó
Èèpo kòkó ńkọ́? Ó pọ̀ lóko ju èèpo ẹ̀gẹ́ lọ lọ́dọ̀ wa.

Fíìdì_Ìbàdàn
Ẹ máa ṣọ́ra pẹ̀lú ìyẹn. Theobromine, èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, kò bá adìẹ, ẹṣin àti ajá mu. Ewúrẹ́ àti àgùntàn lè jẹ díẹ̀ tí ó bá gbẹ dáadáa, bíi 10 sí 15 nínú 100, ṣùgbọ́n fáíbà rẹ̀ le, ó sì tètè ń bu. Bí oko náà bá ti gba oògùn olómi aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń fín sí i, kọ́pà inú oògùn yẹn á wà lára èèpo. Ẹ rántí ohun tí Dókítà sọ nípa àgùntàn.

Èyí tí èmi á fi ṣíwájú kòkó ni èèpo iṣu tí wọ́n ń dànù níbi tí wọ́n ti ń ṣe èlùbọ́. Kò ní sáyánáìdì bíi ti èèpo ẹ̀gẹ́, gbígbẹ nìkan ló fẹ́. Èérí ògì dára fún ẹlẹ́dẹ̀ bó ṣe tutù, lọ́jọ́ tí wọ́n sẹ́ ẹ. Èèpo ẹ̀wà tí àwọn alákàrà ń bó ní purotéènì ju èèpo ẹ̀gẹ́ lọ dáadáa, ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀, a lè fi í dín kúlíkúlí kù. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ń ta ẹnu, ẹ gé e, ẹ sá a, kó má ju 15 nínú 100 lọ.

Ìyá_Ẹlẹ́dẹ̀_Ìjẹ̀bú
Èérí fúláwà àti èérí ìrẹsì kì í ṣe ohun kan náà o. Èérí ìrẹsì ní òróró, kì í pẹ́ kó tó kan. Èèpo ìrẹsì gan-an, èyí tó dà bí ìyàngbò, kò ní oúnjẹ nínú. Wọ́n máa ń lọ̀ ọ́ mọ́ èérí láti fi tan oníbàárà. Ẹ bu díẹ̀ sínú omi, èyí tó léfòó jù lọ ni ìyàngbò.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Ìbéèrè kan ló kù. Ẹlẹ́dẹ̀ wà nítòsí ilé gàárì gan-an. Ṣé dandan ni kí n gbẹ ìṣù jáàkì náà kí n tó fún wọn?

Ìyá_Ẹlẹ́dẹ̀_Ìjẹ̀bú
Kì í ṣe dandan, ẹ ó sì rí owó òṣìṣẹ́ sísá fi pa mọ́. Ìṣù tó ti sun mọ́jú lábẹ́ jáàkì ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Omi ṣì wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ fi 1.55 sọ ìwọ̀n gbígbẹ di púpọ̀: níbi tí ẹ bá ti máa lo ìyẹ̀fun gbígbẹ 30 kìlò, ìṣù bíi 46.5 kìlò ni ẹ máa lò. Ẹ po àwọn yòókù pọ̀ ní gbígbẹ, kí ẹ tọ́jú wọn lọ́tọ̀. Ìwọ̀n ọjọ́ kan péré ni kí ẹ máa da ìṣù mọ́, lówùúrọ̀ kí ẹ tó bọ́ wọn, torí èyí tó bá sùn sínú àpòpọ̀ á gbóná, á sì ba kúlíkúlí àti premix jẹ́.

Ìṣù inú àpò tí ẹ kò tú, tí ẹ sì tò síbòji, lè dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Kí ẹ tó tú àpò kọ̀ọ̀kan, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀. Tí ó bá gbóná, tàbí tí ẹ rí ibi tó dúdú tàbí tó bu nínú rẹ̀, ààtàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ bò ó mọ́lẹ̀ kí ewúrẹ́ má bàa lọ tú u.

Àgbẹ̀_Ìsẹ́yìn
Ẹ ṣé gan-an mà. Lọ́la ni màá bá àwọn tó ni ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lórí iye tí wọ́n máa gbà lórí àpò kọ̀ọ̀kan, lílọ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta àti jáàkì mọ́jú.